Bàbá Oníná Ń Dáhùn: Síwíìṣì Tí A Pè Tí Kò Jẹ́

Lẹ́yìn tí mo kọ̀wé nípa àwọn síwíìṣì iná tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí, ìyẹn èyí tí èèyàn ń pa tàbí tàn láti yàrá ìdarí láìdé ìdí rẹ̀, lẹ́tà tó wọlé pọ̀ débi pé olóòtú ní kí n fi gbogbo ojú ewé yìí dá wọn lóhùn. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà wá: ọdún 11 ni mo fi gun òpó iná ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, mo sì lo ọdún 19 ní yàrá ìdarí ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín iná ní Lọ́ńdọ̀nù kí n tó fẹ̀yìn tì wálé. Mo ti wà lórí òpó tí ẹlòmíràn ń darí iná, mo sì ti jókòó nídìí kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíràn wà lórí òpó. Ojú méjèèjì yẹn ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ọmọ Òṣogbo ni mí. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé ìlú wa ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń pa iná gbogbo Nàìjíríà, tí wọ́n sì ń tàn án. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí ló dé tí àwọn òṣìṣẹ́ iná ṣì ń gbé àkàbà kiri kí wọ́n tó lè tan iná àdúgbò wa? (Alágbẹ̀dẹ wúrà, Òṣogbo)

Òótọ́ wà nínú ohun tí ẹ gbọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ibùdó ìdarí àpapọ̀ wà ní Òṣogbo lóòótọ́. Iṣẹ́ tiwọn ni àwọn wáyà gbàǹgbà tó ń gba inú igbó kọjá, èyí tó ń gbé 330,000 fóólútì àti 132,000 fóólútì láti Kainji, Jebba àti àwọn ibòmíràn tí wọ́n ti ń pèsè iná. Wọ́n ń ṣọ́ ọ kí iye iná tí à ń pèsè àti iye tí à ń lò lè máa dọ́gba. Tí ìyẹn bá dàrú, gbogbo orílẹ̀-èdè lè ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, ojú wa sì ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ àwọn tó jókòó níbẹ̀ kò mọ òpó tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù yín.

Bí iná bá ti bọ́ sí 33,000 àti 11,000 fóólútì, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń pín in, ìyẹn àwọn ilé-iṣẹ́ 11 tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fà lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Lórí àwọn wáyà yìí, púpọ̀ nínú síwíìṣì wa ṣì jẹ́ ọlọ́wọ́: èèyàn ló gbọ́dọ̀ débẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá tí iná kì í gbà kọjá, kó fà á wálẹ̀ tàbí kó tì í padà. Ìdí nìyẹn tí àkàbà fi ń rìn kiri àdúgbò yín.

Níbi tí rìmóòtù bá wà, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Àwòrán gbogbo fídà, ìyẹn àwọn ìlà tó ń pín iná, wà lójú kọ̀ǹpútà nínú yàrá ìdarí. Òṣìṣẹ́ á yan síwíìṣì kan, kọ̀ǹpútà á tún bi í bóyá èyí gan-an ló fẹ́, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà á gba orí rédíò, tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, tàbí wáyà fáíbà, lọ bá àpótí kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síwíìṣì. RTU lorúkọ àpótí yẹn. Àpótí ìránṣẹ́ ni mo máa pè é níhìn-ín, torí iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an ló ń jẹ́. Àpótí ìránṣẹ́ á gba agbára lára bátìrì, á fi fún ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yí apá síwíìṣì. Bí apá náà bá yí dé ibi tó yẹ, á kan ohun kékeré kan tó ń ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ̀rí yẹn á sì padà sójú kọ̀ǹpútà. Bí ara gbogbo wọn bá dá, kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

Ẹ má fojú kékeré wo ẹlẹ́rìí yẹn. Ìgbà mìíràn wà tó máa ń ní síwíìṣì kò pa, kò sì tàn. Lẹ́tà mẹ́ta ló máa ń hàn lójú kọ̀ǹpútà wa nígbà náà: DBI. Àwọn àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kìíní pé ohun tó ń wí ni "má gbà á gbọ́". Èèyàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun mọ́ níbẹ̀ títí ẹnìkan á fi débẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Peckham. Lóṣù tó kọjá iná lọ lóru, àyà mi já, torí ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Kí n tó rí fóònù mi tan tọ́ọ̀ṣì, iná ti dé. Ta ló tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú méjì? (Ọmọ Abẹ́òkúta, Lọ́ńdọ̀nù)

Kò tíì sẹ́ni tó tún nǹkan kan ṣe nígbà náà, ọmọ mi. Ó ṣeé ṣe kí kébù tó bàjẹ́ ṣì wà nínú ilẹ̀ pẹ̀lú egbò rẹ̀. Wọ́n kàn gbé yín gba ọ̀nà mìíràn ni.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, kébù 11,000 fóólútì máa ń gba abẹ́ títì láti ìdí tíráńsífọ́mà kan dé ìdí òmíràn, títí tó fi máa pàdé kébù tó ti ibòmíràn bọ̀. Níbi ìpàdé yẹn, síwíìṣì kan wà tó máa ń wà ní pípa, bí ẹnubodè láàárín ìlú méjì. Ká ní tíráńsífọ́mà 8 ló wà lórí kébù yín, tí apá kébù tó wà láàárín ìkẹta àti ìkẹrin sì ti bàjẹ́. Bíréékà, ìyẹn síwíìṣì ńlá tó ń já fúnra rẹ̀ bí ewu bá dé, tó wà ní orísun á já, gbogbo 8 á ṣókùnkùn. Nídìí tíráńsífọ́mà kọ̀ọ̀kan, ohun kan wà tó máa ń mọ̀ bí iná tó le ju ti ojoojúmọ́ lọ bá sáré gba ibẹ̀ kọjá. Ó dà bí ìgbà tí à ń bi àwọn ará ọ̀nà léèrè ibi tí olè gbà: ẹni tó rí i kọjá kẹ́yìn àti ẹni tí kò rí i rárá, àárín ilé àwọn méjèèjì ló ti yà. Bí àwa bá ti mọ ibẹ̀, a ó pa síwíìṣì tó wà ṣáájú egbò náà àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, a ó tan bíréékà padà fún àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, a ó sì tan síwíìṣì ẹnubodè kí àwọn márùn-ún tó kù máa jẹun lọ́wọ́ kébù kejì. Ilé gbogbo ti ní iná nígbà tí àwọn tó máa gbẹ́lẹ̀ ṣì ń wá bàtà wọn.

Ìdí tó fi yá tó bẹ́ẹ̀ ni pé òfin ló lé wọn sáré. Ofgem, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná àti gáàsì níbẹ̀, kì í ka iná tó lọ tó sì dé kó tó pé ìṣẹ́jú 3 mọ́ ìṣẹ́jú òkùnkùn ilé-iṣẹ́. Bó bá ti pé 3, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, owó sì wà lẹ́yìn àkọsílẹ̀ yẹn: ẹni tó ṣe dáadáa ju iye tí wọ́n fi lélẹ̀ fún un ń gba owó sí i, ẹni tó kùnà ń pàdánù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọwọ́ èèyàn la fi ń ṣe gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ìṣẹ́jú 3 kì í sì tó wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa ṣe é fúnra rẹ̀. Mo máa ń jókòó wò ó, síwíìṣì kan á pa, òmíràn á tàn, kí n tó gbé ife tíì mi sílẹ̀. Inú mi máa ń dùn gan-an, torí mo mọ iye àtẹ̀gùn tí èèyàn ì bá ti gùn.

Bàbá Oníná, ẹja dídì ni mò ń tà ní Ìlọrin. Band A ni wọ́n fi wá sí, ìyẹn àwọn tó ń san owó jù kí iná wọn lè pọ̀, owó rẹ̀ sì ń wọ̀ wá lára. Lọ́dún tó kọjá wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun sórí òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní rìmóòtù ni, pé iná kò ní pẹ́ lọ mọ́. Iná lọ nírọ̀lẹ́ Sátidé kan, ó di ọ̀sán Mọ́ńdè kó tó dé. Ẹja mi jẹrà. Nígbà tí wọ́n dé, àkàbà ni wọ́n tún gbé wá. Kí wá ni iṣẹ́ rìmóòtù? (Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìlọrin)

Ìyá mi, mo bá yín kẹ́dùn ẹja yín. Lẹ́tà yín ni mo kà jù nínú gbogbo èyí tó wọlé, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ṣẹlẹ̀ sí mi, èmi tí mo wà nídìí kọ̀ǹpútà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lóṣù kìíní ni, òtútù mú, kébù kan bú lábẹ́ títì ní apá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Síwíìṣì 4 ni mo nílò kí n lè gbé àwọn èèyàn gba ọ̀nà mìíràn. Èkíní jẹ́. Ìkejì jẹ́. Mo pe ìkẹta, àpótí ìránṣẹ́ rẹ̀ ní òun gbọ́, àmọ́ apá kò yí. Mo tún un pè. Ó tún ní òun gbọ́. Bátìrì ni: agbára tó kù nínú rẹ̀ tó láti fọhùn, kò tó láti ṣiṣẹ́. Ilé gogoro kan ń jẹun lára tíráńsífọ́mà tó wà nídìí síwíìṣì yẹn, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ sì há sínú líìfùtì. Obìnrin tó ń gba ìpè aráàlú dìde wá dúró lẹ́yìn àga mi, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo ojú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú mi. Òṣìṣẹ́ tí mo rán lọ pẹ̀lú ọkọ̀ há sínú gosiló. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú kọjá kó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí síwíìṣì yẹn.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ wo ìwé síwíìṣì náà. Oṣù 5 ṣáájú ni wọ́n yẹ bátìrì yẹn wò, wọ́n sì kọ ọ́ pé ó dára. Kì í ṣe irọ́ ni òṣìṣẹ́ náà pa. Ó fi mítà wọ̀n ọ́n, fóólútì rẹ̀ pé. Àmọ́ bátìrì tó ti gbó lè fi fóólútì tó pé hàn yín títí ẹ ó fi di ẹrù lé e lórí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ọ̀gá mi lẹ́nu pé kí wọ́n má ka mítà nìkan, kí wọ́n fi iṣẹ́ lé bátìrì lórí kí wọ́n tó kọ "ó dára" sínú ìwé. Ó gba oṣù mélòó kan kí wọ́n tó gbọ́. Wọ́n gbọ́.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ ká wo ti Ìlọrin. Irú bátìrì tó wà nínú àpótí ìránṣẹ́, iye ọdún tí wọ́n kọ sí i lára jẹ́ ti ibi tí ooru kò ju ìwọ̀n 20 sí 25 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ooru bá fi 10 lé e, ọjọ́ ayé rẹ̀ á gé sí bí ìdajì. Ẹ̀yin náà mọ bí irin ṣe máa ń gbóná lójú oòrùn yín lóṣù kẹta. Bátìrì tí wọ́n ní yóò lo ọdún 10 lè má lo 4 nínú àpótí irin orí òpó.

Èyí tó tún burú ju ooru lọ ni pé wáyà tó ń ṣọ́ ló ń bọ́ ọ. Bátìrì àpótí ìránṣẹ́ ń gba iná lára ìlà tó wà nídìí rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, iná kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ, bátìrì máa ń yó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ní ọ̀dọ̀ wa, iná lè lọ fún wákàtí 12, ó lè lọ fún ọjọ́ 2, bátìrì á gbẹ dé ìsàlẹ̀, á tún yó díẹ̀, á tún gbẹ. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kú. Nítorí náà ibi tí iná ti ń lọ jù ni bátìrì ti ń kú jù, ibẹ̀ gan-an la sì ti nílò rìmóòtù jù. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ìlú tí iná kì í lọ, tó gbé e sórí òpó wa láìfi bátìrì ńlá tàbí páànẹ́lì oòrùn tì í lẹ́yìn, owó ló so kọ́ sórí òpó yẹn.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tún ń bẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù lọ, òpó ilé-iṣẹ́ fóònù náà nílò iná. Bí iná àdúgbò bá lọ tí dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ wọn sì tán, ẹnu àpótí ìránṣẹ́ ti wọ́lẹ̀ nìyẹn, kódà bí ara rẹ̀ bá le koko. Ní Chattanooga ní ìpínlẹ̀ Tennessee, l'Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ iná ìlú náà kọ́kọ́ na wáyà fáíbà tiwọn ká gbogbo àdúgbò, wọ́n wá so nǹkan bí 1,200 síwíìṣì adáṣiṣẹ́ mọ́ ọn. Wọn kò fi ohùn síwíìṣì wọn sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Owó ńlá ni, ìjọba àpapọ̀ wọn ló sì dá apá kan nínú rẹ̀, àmọ́ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò.

Ó sì lè jẹ́ pé kò sóhun tó ṣe bátìrì, kò sóhun tó ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Síwíìṣì tí kò yí fún ọdún 3, gíríìsì inú rẹ̀ á gbẹ, irin rẹ̀ á dípẹtà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é ẹ̀rọ rẹ̀ á kàn máa kérora. Nọ́ọ̀bù kékeré kan tún wà lára àpótí, ibi méjì ló ń yí sí: "Local", ìyẹn kí ẹni tó dúró síbẹ̀ nìkan lè darí rẹ̀, àti "Remote". Òṣìṣẹ́ tó wá ṣe ìtọ́jú á yí i sí "Local" kí ara rẹ̀ lè wà láìléwu, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá gbàgbé láti yí i padà kó tó lọ, gbogbo rìmóòtù yẹn ti di òpó lásán. Mo ti rí èyí tó wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kan hàn yín, torí ọlọ́jà ni yín. Ká ní síwíìṣì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án nínú ìgbà mẹ́wàá tí wọ́n bá pè é. Ó dún dáadáa létí. Àmọ́ bí iṣẹ́ kan bá nílò síwíìṣì 4, tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jẹ́, 9 nínú 10 lọ́nà mẹ́rin á sọ yín kalẹ̀ sí nǹkan bí 66 nínú 100. Ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ yẹn á dúró sójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá ń jẹ́ ní ìgbà 99 nínú 100, iṣẹ́ 96 nínú 100 ló máa parí. Nínú ìgbà kan tàbí méjì tí a kò kà sí yẹn ni ẹja ti ń jẹrà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà fún yín kí n má bàa tàn yín jẹ. Rìmóòtù kì í gun òpó. Bí wáyà bá já tí kò sì sí ọ̀nà kejì tí iná lè gbà dé ọ̀dọ̀ yín, kò sí rìmóòtù tó lè so ó. Bó bá sì jẹ́ pé iná kò dé ibùdó ńlá rárá, ohun tí kò sí ni wọn kò lè pín. Àmọ́ Sátidé sí Mọ́ńdè ti pọ̀ jù fún àdúgbò tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ fún, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè. Bí ẹ bá dé ọ́fíìsì wọn, ẹ má bi wọ́n pé ẹ̀rọ mélòó ni wọ́n ti gbé sórí òpó, torí ìyẹn ni wọ́n máa fẹ́ sọ, wọ́n á sì fi àwòrán hàn yín. Ẹ bi wọ́n pé: nínú gbogbo ìgbà tí iná já lóòótọ́ tí ẹ sì pe síwíìṣì yìí, ìgbà mélòó ló jẹ́? Kí wọ́n má sì ka àwọn ìgbà tí wọ́n dán an wò lọ́sàn-án gangan tí iná wà tí òṣìṣẹ́ sì dúró tì í mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ tó bá mọ iye yẹn, ẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, gbogbo ẹgbẹ́ ọlọ́jà lápapọ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà.

Bàbá, kí ló dé tí iná wa máa ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wá lọ pátápátá, pàápàá bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́? Fíríìjì mi ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan. (Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde)

Auto-recloser ni, síwíìṣì orí òpó tó ń dá ara rẹ̀ tàn padà. Nínú ohun mẹ́wàá tó ń mú iná orí òpó já, nǹkan bí méje sí mẹ́jọ máa ń kọjá lọ fúnra wọn: ẹ̀ka igi tó kan wáyà tó sì jábọ́, ẹyẹ, alángbá, mànàmáná. Ẹ̀rọ náà á já, á dúró díẹ̀, á gbìyànjú. Bí ohun náà bá ti lọ, iná dúró. Bí kò bá lọ, á gbìyànjú níye ìgbà tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́, á wá jókòó, èèyàn ló sì gbọ́dọ̀ wá wo ìdí rẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ ju kí iná lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́ nítorí alángbá kan. Ní ti fíríìjì yín, ẹ ra ohun tó ń dá iná dúró fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 kó tó wọ inú rẹ̀. Kò wọ́n tó fíríìjì.

Ẹ káàsán sà. Ọmọ ilé-ìwé gíga ni mí ní Àkúrẹ́, ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ni mò ń kọ́. Tí gbogbo síwíìṣì bá ti di rìmóòtù, ṣé àwọn tó ń já wọ kọ̀ǹpútà kò ní gbà á lọ́wọ́ wa? (Akẹ́kọ̀ọ́)

Ìbéèrè rẹ gbọ́n, ọmọ mi. Wọ́n ti gbà á rí.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2015, ní orílẹ̀-èdè Yukréìn, àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ìdarí ilé-iṣẹ́ ìpínná kan ń wo àmì asin kọ̀ǹpútà wọn tó ń rìn fúnra rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ó ń lọ bá síwíìṣì kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń pa wọ́n. Wọ́n fọwọ́ mú asin, kò gbọ́ tiwọn. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n kọlù lọ́jọ́ kan náà. Nǹkan bí 30 ibùdó iná ló ṣókùnkùn, nǹkan bí 225,000 oníbàárà ni kò níná. Àwọn olè náà ti wọlé láti oṣù mélòó kan ṣáájú, nípasẹ̀ ímeèlì tí ẹnìkan ṣí fáìlì inú rẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ba ohun èlò inú àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ibùdó iná jẹ́, kí rìmóòtù má bàa ṣeé lò mọ́, wọ́n sì fi ìpè lásán dí ojú fóònù aráàlú.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni bí iná ṣe padà. Wákàtí 1 sí 6 ló gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ ọkọ̀, wọ́n lọ sí ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ọwọ́ tan án. Ọwọ́ wọn ṣì mọ iṣẹ́ náà. Fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń darí díẹ̀ nínú wọn. Nítorí náà nígbà tí o bá jáde ilé-ìwé tí wọ́n fi ọ́ sí yàrá ìdarí, má ṣe gba ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ láyè láti dé ọ̀nà síwíìṣì. Kí o sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o lo oṣù 6 àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwọn tó ń gun òpó. Èmi ò mọ ẹni tó di ọ̀gá dáadáa nídìí kọ̀ǹpútà tí kò mọ bí síwíìṣì ṣe wúwo lọ́wọ́.

Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Ọkọ mi ń gun òpó iná ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé rìmóòtù dé ibi iṣẹ́ wọn, oorun kò kùn mí mọ́. Mo máa ń rò ó pé ó wà lórí òpó, ẹnìkan tí kò rí i á tẹ bọ́tìnnì ní ọ́fíìsì. Ṣé ó lè ṣẹlẹ̀? (Ìyàwó òṣìṣẹ́ iná)

Ẹ má tọrọ àforíjì, ìyá. Ẹ̀rù tó ń bà yín bá ìyàwó tèmi náà fún ọdún 11.

Ó lè ṣẹlẹ̀, bí wọn kò bá tẹ̀ lé ìlànà. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé e, kò lè ṣẹlẹ̀. Ohun tó yẹ kí ó wáyé kí ọkọ yín tó fọwọ́ kan wáyà nìyí. Wọ́n á pa síwíìṣì. Wọ́n á yí nọ́ọ̀bù sí "Local", kí bọ́tìnnì ọ́fíìsì má lè dé ibẹ̀ mọ́. Wọ́n á fi àgádágodo tì í, ọkọ yín tàbí olórí ikọ̀ wọn á mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Ẹni tó wà ní yàrá ìdarí á fi àmì ewu sórí síwíìṣì yẹn lójú kọ̀ǹpútà. Bí recloser bá wà lórí ìlà náà, wọ́n á dá a dúró kó má bàa gbìyànjú láti tan ara rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, wọ́n á tún fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń dán iná wò yẹ wáyà wò bóyá iná wà níbẹ̀, torí ohun tí kọ̀ǹpútà sọ kò tó ẹ̀rí láti fi ẹ̀mí sí. Wọ́n á wá fi ẹ́ẹ̀tì sí i, ìyẹn okùn bàbà nínípọn tó so wáyà mọ́lẹ̀, ní ọ̀tún àti ní òsì ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹnìkan bá wá tẹ bọ́tìnnì lẹ́yìn náà, inú ilẹ̀ ni iná á gbà, bíréékà á já.

Ẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi í nípa rẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ bi í bóyá ọ̀tún àti òsì ló ń fi sí, tàbí ẹgbẹ́ kan, tàbí wọ́n ń sáré kí wọ́n má bàa pẹ́ tí wọ́n sì ń fò ó. Ìdí mìíràn wà tó yàtọ̀ sí rìmóòtù. Bí ẹnìkan ní àdúgbò bá tan jẹnẹrétọ̀ láìní changeover, ìyẹn síwíìṣì tó ń ya jẹnẹrétọ̀ kúrò lára wáyà àdúgbò, iná rẹ̀ á padà gba inú tíráńsífọ́mà sẹ́yìn, 240 á sì di 11,000 lórí wáyà tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti kú. Kò sí yàrá ìdarí tó máa rí ìyẹn. Ẹ́ẹ̀tì nìkan ló máa gbà á mú. Mo mọ ọkùnrin méjì tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò pa lórí òpó, kò sì sí rìmóòtù kan ní gbogbo agbègbè yẹn nígbà náà.

Bí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò bá fún un ní okùn ẹ́ẹ̀tì tó pé, kó kọ iṣẹ́ náà títí wọ́n á fi fún un. Mo mọ̀ pé ó nira láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń wá owó ilé-ìwé ọmọ, àmọ́ mo ṣì sọ ọ́. Nígbà tí mo ń gun òpó, àpò àyà ni mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ àgádágodo sí, mo sì máa ń dúró nísàlẹ̀ fọwọ́ kàn án kí n tó gbé ẹsẹ̀ sórí àkàbà. Ẹ bá mi kí i. Bó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ sí mi fúnra rẹ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ dáhùn tirẹ̀.